Ìtúfọ̀ Ní Òkè-Ìtura

Fìlà pọ́n wẹ̀ẹ̀ lórí ọmọbìnrin náà.

Òun fúnra rẹ̀ kò rí i. Ẹni tó bá dé fìlà ìwọ̀n kì í rí àwọ̀ rẹ̀, àwa tá a jókòó níwájú là ń rí i. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń retí kí n ka ìbéèrè tó kàn. Èwo ló tún kù tó kàn? Fìlà yìí ń gbọ́ ohun tí ẹnu sọ, ó sì ń gbọ́ bí àyà ṣe ń lù. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti ṣì í, á pọ́n. Bó bá sì pọ́n nídìí ìbéèrè ìpìlẹ̀, Òfin Àánú ti bá onítọ̀hún parí ọ̀rọ̀: kò ní fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ láyé rẹ̀. Ilé ẹ̀rọ ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ nu àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ abẹ.

"Òmíràn tún nìyẹn," Láníyọnu sọ sí mi létí. Oníṣirò ni, òun ló ń ka ohun tí fìlà bá kó jọ.

Mo ní kí ọmọ náà dúró ná. "Jẹ́ n tún un kà fún ẹ. Bí aláìsàn bá kú lọ́wọ́ ẹ, ṣé lójú ẹsẹ̀ lo máa sọ fún ẹbí rẹ̀, láìfi ohunkóhun bò?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

Ó wo ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọmọ dáadáa nìyẹn, kì í wo àgbà lójú. "Màmá, ṣé bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nìyẹn? Bó bá jẹ́ ìyá ọmọ ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Mo máa kọ́kọ́ wá ibi tó máa jókòó sí. Mo máa wá ẹni tó láyà nínú ẹbí rẹ̀, kó jókòó tì í. Àgbà ló máa sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ á sì ti wà lára rẹ̀ kó tó gbọ́. Bí ìyá àgbà mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. A kì í sọ irú ẹ̀ fún èèyàn lórí ìdúró."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn! Ọmọ tó mọ èyí ni fìlà ní kò láàánú. Inú mi yọ́ sí i. Ó ń ṣe mí bíi kí n fà á mọ́ra. Mo wá ṣi ẹnu béèrè ohun tí kò kàn mí.

"Ta ni ìwọ ń jẹ́? Ọmọ ta sì ni ẹ́?"

"Tiwalọlá lorúkọ mi, mà. Mátírọ́nù Oyèbísí ló bí mi."

Inú mi tó ti ń yọ́ gan pa.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí Oyèbísí fojú mi rí, kí ẹ má baà rò pé ìkà ni mí lásán. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí oyún rẹ̀ wà nínú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ibà gbé e ṣánlẹ̀, tí mo gbé e wá sí ilé ìwòsàn Òkè-Ìtura yìí kan náà. Ẹ̀rọ kò tíì gba iṣẹ́ nígbà yẹn. Èèyàn ló ń gún abẹ́rẹ́, èèyàn ló ń pín oògùn. Wọ́n ní kí n dúró níta, mo dúró. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ síwájú tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn sì tò sẹ́yìn mi. Oyèbísí ló wà níbẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Rẹ̀mílẹ́kún ni mo ń béèrè." Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, ó ní, "Èyí tó ní ibà yẹn? Ó ti kú. Ẹ wá kó ẹrù ẹ̀, a fẹ́ lo bẹ́ẹ̀dì." Ó sì da ẹ̀pà sẹ́nu.

Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ní kí n yà fún òun, tí n ò bá ní nǹkan mìíràn béèrè.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi kó o. Mo ṣì ń kó o.

Nígbà tí ẹ̀rọ wá gba abẹ, tó gba oògùn, tó gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ohun tó kù fún ọmọ ènìyàn nílé ìwòsàn ò ju àánú lọ. Ìjọba ní kí wọ́n máa wọn àánú náà kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Ẹni tó bá yege á gba ẹ̀gbà tó ń tàn sí ọrùn ọwọ́. Ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn kì í ṣí fún ẹni tí kò bá ní in. Wọ́n wá ìwé ìbéèrè láti òkè òkun, wọ́n ní kí èmi Fadérera bá wọn sọ ọ́ di ti Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti gbà. Iṣẹ́ wo ló tún wù mí jùyẹn lọ?

Ìwé náà ti gba ọwọ́ púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nújan, obìnrin ará Tọ́kì tó tún un ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn, máa ń yọjú sí mi lára ògiri, ògiri á sì máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di Yorùbá bó ṣe ń jáde. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, bí ògiri bá lè ṣe báyìí, kí ni wọ́n tún ń fi mí ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ògiri lè gbé ọ̀rọ̀, kò lè gbé ìwà. Àwa náà rí ìbéèrè tó dára níbi tó ti wá, tó dé ọ̀dọ̀ wa tó di ìwà àìmọ̀wàáhù. Yíyọ la yọ ọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Tiwalọlá já yẹn, Láníyọnu wá bá mi ní ọ́fíìsì. Aláwàdà ni, Ìyá Ìbéèrè ló máa ń pè mí, ṣùgbọ́n kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà.

"Ìyá Ìbéèrè, ìbéèrè kẹtàdínlógún, ti ìtúfọ̀ yẹn, ń bá gbogbo àwọn yòókù jà. Àwọn ọmọ tí ojú wọn ń rọ̀ síbi gbogbo, ibẹ̀ ló ti ń pọ́n fún wọn. Ẹ sì rántí ọmọkùnrin tó ń yán nígbà tí a ka ti ọmọ tí iná jó? Funfun báláú ló ṣe fún un níbẹ̀! Ìbéèrè yìí ò bá tiwa mu. Àtàǹpàkò yín nìkan ló lè yí i padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́."

"N ò tẹ̀ ẹ́."

"Háà! Kí ló dé?"

"Ó wù mí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá fi sílẹ̀, òfin ló máa dà. Ìyá ọlọ́mọ ló máa dúró sójú kan, tí ọmọdé nọ́ọ̀sì á sọ ọ́ lù ú lójú, tí ẹ̀gbà á sì máa tàn lọ́wọ́ onítọ̀hún. Àánú ni wọ́n á sì máa pè é."

Ó jáde, kò dágbére. Èmi nìkan jókòó ti ara mi. Ṣé ẹ̀yin náà rí irú ìdẹkùn tí mo kó sí? Tí mo bá yí ìbéèrè yẹn padà, ọmọ Oyèbísí á gba ẹ̀gbà, ìyá rẹ̀ á máa yan fanda káàkiri Òkè-Ìtura. Tí n kò bá yí i, ohun tí Oyèbísí ṣe fún mi ti di òfin ìlú nìyẹn, èmi gan-an ni mo sì fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́ fún un. Mo rò ó síwájú, mo rò ó sẹ́yìn. Ká má purọ́, ti ọmọ rẹ̀ ló wù mí jù. Kí ọmọ tirẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kóun náà mọ bó ṣe ń rí.

Lọ́jọ́ kejì ni òun fúnra rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Mátírọ́nù àgbà ni báyìí, irun rẹ̀ ti funfun, ẹ̀gbà rẹ̀ ń tàn yinrinyinrin. Kò kí mi tán tó fi kúnlẹ̀. Àgbàlagbà tó jù mí lọ, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí símẹ́ńtì! Ọjọ́ mìíràn, ẹsẹ̀ ni ǹ bá fi sáré gbé e dìde. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀.

"Màmá Fadérera, ẹ ṣàánú mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn. Ìbéèrè yẹn ò dáa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò dáa. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, a máa ń fi í jókòó ni, a máa ń wá àgbà. Bí mo ṣe kọ́ Tiwalọlá nìyẹn."

Ìwọ lo kọ́ ọ kẹ̀? Ọmọ tó ti ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ìyá àgbà rẹ̀! Mo gbé e mì.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀yin ṣe máa ń ṣe é, Mátírọ́nù?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé iṣẹ́ yìí."

"Kò sí ìyá kankan tí ẹ túfọ̀ fún lórí ìdúró rí?"

"Láéláé! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Irú ọkàn wo ni onítọ̀hún á ní?"

Ó wò mí lójú bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ò sì yẹ̀. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ló ń pa, ì bá dùn mí mọ níwọ̀n. Èèyàn kì í purọ́ lórí ohun tí kò bá jọ ọ́ lójú. Obìnrin yìí ò purọ́. Ó ti gbàgbé ni! Ọmọ mi ò ju èèpo ẹ̀pà lọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti fẹ́ ẹ dànù. Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbá a létí. Mo ní kó máa lọ, mo ní mo ti gbọ́.

Bó ṣe jáde ni mo pe Láníyọnu. "Tí mo bá yí i padà, kí ló kàn?"

"Wàhálà ló kàn," ó ní. "Tí ìbéèrè ìpìlẹ̀ bá yí padà, àwọn tó já níbẹ̀ á tún un ṣe, gbogbo ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ èèyàn níbí náà ló máa padà wá sábẹ́ fìlà. Òfin ni."

"Gbogbo ẹ̀gbà?"

"Títí kan ti Mátírọ́nù àgbà."

Ẹ̀rín ló pa mí. Mo rẹ́rìn-ín débi tí Láníyọnu fi bi mí bóyá ara mi yá. Ara mi yá gágá! Wọ́n tún fún mi ní ọ̀nà tí n kò rò: kí ọmọ lọ láyọ̀, kí ìyá wá jókòó síwájú mi.

Mo kọjú sí ògiri, mo sọ ìbéèrè tuntun náà sínú rẹ̀. "Ìyá kan dúró níwájú tábìlì rẹ. Ọmọ rẹ̀ ti kú nínú yàrá, kò tíì mọ̀. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ ń bó ẹ̀pà. Ó béèrè ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Kí lo máa ṣe?"

"Ẹ̀pà kẹ̀?" Láníyọnu ní. "Kí lẹ̀pà ń wá nínú ìbéèrè àánú?"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Nújan gbọ́ ọ, ó rò ó wò, ó ní kò jọ tiwọn rárá, kò sì yẹ kó jọ ọ́. A dán an wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílẹ̀, ìbéèrè náà ò sì bá àwọn yòókù jà mọ́. Àwọn tí ojú wọn rọ̀ yege, ọmọkùnrin tó ń yán já. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n pe Tiwalọlá padà. Nígbà tí mo ka ìbéèrè náà fún un, òógùn bò ó. Ó ní, "Mo máa kọ́kọ́ gbé ẹ̀pà sílẹ̀, mà." Fìlà ti funfun kó tó sọ ìyókù. Mo fi ẹ̀gbà sí i lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀... kí ni mo ń wí, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Ìyá rẹ̀ ni mo ń dúró dè.

Ọjọ́ ìyá rẹ̀ pé. Tiwalọlá ló bá a dé fìlà, ó wá lọ dúró síbi ògiri lẹ́yìn wa. Oyèbísí jókòó bí ayaba. Mo ka ìbéèrè náà fún un jẹ́jẹ́, ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀pà, mo dúró díẹ̀, mo wo ojú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Màá wá àga fún un," ó ní wéré wéré, bí ọmọ iléèwé tó há nǹkan sórí. "Màá pe àwọn àgbà ẹbí rẹ̀. Màá rọra sọ ọ́ fún un."

Ẹnu rẹ̀ pé pérépéré. Àyà rẹ̀ ò mì, bí ìgbà tí wọ́n ń bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Fìlà pọ́n.

Ó yẹ kí n pa ẹnu mọ́, òfin ní kí n pa á mọ́ títí a ó fi jáde. N ò lè pa á mọ́. "Mátírọ́nù, ẹ̀pà yẹn, ẹ ò rántí ẹ̀?"

"Ẹ̀pà wo?"

"Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ rẹ̀! Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Ibà ló ṣe é! Ẹ̀yin lẹ wà nídìí tábìlì, ẹ ní kí n wá kó ẹrù ẹ̀, ẹ fẹ́ lo bẹ́ẹ̀dì!"

Ó ronú. Mo búra fún yín, ó ronú ní tòótọ́, ó fẹ́ rántí. Lẹ́yìn náà ló mi orí. "Ẹ má bínú, Màmá. Ọmọ púpọ̀ ló kú mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà yẹn. Èwo nínú wọn ni tiyín?"

Mo dìde kí n má baà bọ́ aṣọ sílẹ̀ bá a jà. Ó ku ohun kan. Èmi tí mo ṣe ìbéèrè ni òfin ní kí n sọ èsì fún ẹni tó bá já, kò sì sọ bí mo ṣe gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mo ti ń tò ó lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti tẹ àtàǹpàkò mi. Mo jáde sí gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn aláìsàn kún sí, mo lọ dúró lẹ́yìn tábìlì. Mo ní kí wọ́n mú Oyèbísí wá síwájú mi. Ó wá, ó dúró, àwọn èèyàn tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó rí bí mo ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò gùn: Ẹ̀gbà yín ti kú, ẹ bọ́ ọ kíá, a fẹ́ lo àga.

"Ṣé ó ti tán, Màmá?" ó bi mí.

Mo la ẹnu.

"Màmá mi, ẹ wá ná." Tiwalọlá ti bọ́ sáàárín àwa méjèèjì. Ó ti rí àwọ̀ fìlà, ó mọ̀. Ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sídìí bẹ́ǹṣì, ó mú un jókòó. Ó béèrè bóyá ó ti jẹun. Ó bu omi fún un. Ó rán ẹnì kan pé kó lọ pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá, gbogbo wa sì ń dúró, gbogbo gbọ̀ngàn! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sọ ti ìsìn ọjọ́ Àìkú àti ti òrùlé ìyá àgbà tó ń jò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé, ọmọ náà sọ̀rọ̀ sí i létí, ẹ̀gbọ́n náà jókòó ti Oyèbísí, ó gbá a mọ́ra. Ó ní, "Àbúrò mi, o ti sin ìlú yìí tó. Ó tó kí o sinmi. Jẹ́ ká bá ẹ bọ́ ẹ̀gbà yìí." Ó gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kó tó yé Oyèbísí. Ó figbe bọnu, àmọ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì ti wà lára rẹ̀, kò ríbi ṣubú sí.

Ẹ̀san tí mo wá nìyẹn, mo sì ti gbà á. Ẹ̀gbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ti dúdú. Kí ló wá dé tí n kò yọ̀? Owú ló ń jẹ mí. Èmi, mo jowú Oyèbísí! N kò dárí jì í o, n kò sì ní i lọ́kàn láti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ra bí ẹyin, kí ló ṣe tí ó fi tọ́ sí i tí kò fi tọ́ sí mi?

Mo ṣì dúró lẹ́yìn tábìlì nígbà tí Tiwalọlá wá bá mi. Ó gbé àga dání.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Jókòó kẹ̀? Torí kí ni?"

"A ní ọ̀rọ̀ kan tí a fẹ́ bá yín sọ, mà. Ọ̀rọ̀ Rẹ̀mílẹ́kún ni."

"Má dárúkọ ọmọ mi! Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà."

"Ẹ ò tíì gbọ́ ọ, mà," ó ní. Ó wo ilẹ̀. "Ariwo lẹ gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì túfọ̀ fún yín."

Mo ní n ò ní jókòó. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láníyọnu ti wá dúró lápá ọ̀tún mi, ó dì mí ní èjìká mú. Wọ́n fi mí jókòó. Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú mi, ó kó ọwọ́ mi méjèèjì sínú tirẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣe bí akin. Ọmọ yín ṣàìsàn. Wọ́n sa ipá wọn, ibà náà ló lágbára jù. Rẹ̀mílẹ́kún ò dìde mọ́, mà."

Àfi bíi pé n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo figbe ta láàárín gbogbo èrò, wọ́n sì dì mí mú.